Àgbàdo Lórí Ewé Òkúta

Bí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọ Ọgbà Ewé Òkúta ní Gwarinpa láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ máa rí ni obìnrin kan tó ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè dé orúnkún, tí ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ so rọ̀ lọ́rùn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Jemimah Ọbayẹmí ni. Màmá Ewé ni àwọn ọmọ iléèwé ń pè é. Ará Ìyàrà ni, ní ilẹ̀ Okun, ṣùgbọ́n ó ti di ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tó ti ń jí ní Jikwoyi kí àkùkọ tó kọ, tó ń wọ ọkọ̀ méjì àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kan la Àbújá já, kó lè wá ṣílẹ̀kùn fún òkúta.

"Fún òkúta ke?" Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ máa ń bi í. "Ìjọba ń sanwó fún yín nítorí òkúta?"

"Ewé ni," á dá wọn lóhùn. "Ewé tó kọ̀ tí kò jẹrà."

Ẹ gbọ́ ná, torí ọ̀rọ̀ yìí dùn ju bí ó ṣe ń dún létí lọ! Odò kékeré kan ló gba ẹ̀yìn ọgbà náà kọjá. Ní etí odò ọ̀hún, amọ̀ líle kan wà tó tò léra wọn ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí èèyàn bá fi ọ̀bẹ tín-ínrín là á, á ṣí bí ojú ìwé. Inú ojú ìwé yẹn lẹ ó ti bá ewé, pẹ̀lú iṣan rẹ̀, pẹ̀lú igi tín-ínrín ìdí rẹ̀, pẹ̀lú ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́ létí. Kòkòrò yẹn ti kú láti nǹkan bí ọ̀kẹ́ ọdún méjì sẹ́yìn o, ojú eyín rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀! Kí ẹnikẹ́ni tó fún odò náà lórúkọ, igi ti wà létí rẹ̀ tó ń wọ́wé, ẹrẹ̀ sì ń gbà á, ó ń pa á mọ́.

Dókítà Akínlabí, bàbá kúkúrú ará Ẹ̀kìtì tó dá ọgbà náà sílẹ̀, ló kọ́kọ́ fi hàn án. Agbálẹ̀ ni wọ́n gba Jemimah sí nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, Tiwátọ́pẹ́ ọmọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀já. Bàbá náà kàn pè é lọ́jọ́ kan pé, "Jemimah, fi ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀, la ọwọ́ rẹ," ó sì gbé ewé kan lé e látẹ́lẹwọ́. Ó tutù, ó wúwo.

"Ó jọ ewé ìrókò ẹ̀yìnkùlé wa," ni Jemimah wí.

"Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀," ni bàbá náà fèsì, ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti di pé kò tún sí agbálẹ̀ mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ló kù.

Dókítà náà ló kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ní ohun tí wọ́n ń pè ní wíwọ ewé láṣọ. Ọ̀tá méjì ni ewé òkúta ní. Oòrùn á mú amọ̀ náà sán, òjò á wá kó o lọ. Nítorí náà, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́, látorí ọ̀gá dórí ẹ̀ṣọ́, á jáde síta. Wọ́n á tẹ́ àpò bo etí odò, wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ pupa lé àpò, wọ́n á gbin koríko kan tí gbòǹgbò rẹ̀ kò ju ìka kan lọ lé yẹ̀pẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, wọ́n á bọ́ aṣọ náà, àwọn ọmọ iléèwé á wá wòran. "Bí mo bá bá ewé mi ní ìhòòhò nínú òjò," Dókítà á ní, "èmi àti ẹni tó bọ́ ọ láṣọ la jọ máa sùn síbẹ̀."

Nígbà tí Dókítà kú, àpò ò dé mọ́. Koríko ò dé mọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà, lẹ́tà sùn sínú fáìlì. Ni òjò ọdún kan bá ya bò wọ́n, ó wọ́ yẹ̀pẹ̀ lọ, ó sì gbé ewé kan lọ tó tóbi tó àwo ìjẹun, èyí tí àwọn ọmọdé ń pè ní Ìyá-Ewé. Jemimah jókòó sínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ohun tó mọ̀ ló ṣe. Ní Ìyàrà, bí ìyá rẹ̀ ò bá fẹ́ kí àgbàrá wọ́ ilẹ̀ lọ, á kọ ebè dábùú ọ̀nà àgbàrá, á gbin àgbàdo sí i. Jemimah náà kọ ebè mẹ́jọ sí ìsàlẹ̀ etí odò, níbi tí ewé pọ̀ sí jù, ó gbin àgbàdo. Àgbàdo di ilẹ̀ mú! Òjò rọ̀ títí, yẹ̀pẹ̀ ò yẹsẹ̀. Gbogbo wọn yìn ín.

Ṣùgbọ́n àgbàdo náà tún dùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn.

Lọ́dún kejì, ebè mẹ́jọ di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lọ́dún kẹta, ó bá àwọn ẹlẹ́ran sọ̀rọ̀ ní ọjà Dei-Dei, ó gbé ìgbẹ́ màlúù àpò méjì wá fi ṣe ajílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ewé òkúta kì í jẹ ajílẹ̀. Ó mọ̀. Ó kàn sọ fún ara rẹ̀ pé àgbàdo tó bá lágbára ló máa di ilẹ̀ mú dáadáa. Kò pẹ́ sígbà náà ni àrùn kòrónà dé, ó lé àwọn ọmọ iléèwé lọ, nígbà tí wọ́n sì padà, díẹ̀ ni wọ́n, apá òkè etí odò nìkan ti tó wọn wò. Fún ọdún márùn-ún gbáko, ìsàlẹ̀ ò bọ́ aṣọ. Oko ló dà. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri pé òṣìṣẹ́ èyíkéyìí tó bá dáko nínú ọgbà ìjọba á gba kúẹ́rì, ìyẹn lẹ́tà tí ìjọba fi ń bi òṣìṣẹ́ pé kó wá wí tẹnu rẹ̀. Láràárọ̀ ni Jemimah ń gba ẹ̀gbẹ́ ìwé náà kọjá. Láràárọ̀ ló ń wo ibòmíràn.

Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún yìí, tí àgbàdo kò tíì dé orúnkún, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé. Ó wọ bàtà òjò, ó so káàdì mọ́rùn, ó ń fi fóònù ya àwòrán gbogbo nǹkan tójú rẹ̀ rí. Diméjì lorúkọ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, Yorùbá mi ò fi bẹ́ẹ̀ gún o."

"Ó gún, ọmọ mi. Okun o," ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni nílùú rẹ̀. "Níbo ni wọ́n ti bí ẹ?"

"Wuse ni wọ́n bí mi sí, mà. Ará Ìjẹ̀bú ni Dádì mi. Mi ò tíì débẹ̀ rí." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì nawọ́ sí ìsàlẹ̀. "Oko ta nìyẹn, mà?"

Ẹ wo àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ o. Jemimah ò mọ iṣẹ́ tó gbé Diméjì wá. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n nídìí iṣẹ́ ìjọba ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá so káàdì mọ́rùn, tó ń ya àwòrán, ẹ̀ṣẹ̀ òṣìṣẹ́ ló ń wá. Ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló sá wá sí i lọ́kàn. Nínú oṣù kọkànlá ni yóò pé ọgọ́ta ọdún, tí yóò fẹ̀yìn tì.

"Ti àwọn ará abúlé ni," ó ní. "Àwọn tó wà lódìkejì odò."

"Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀?"

"Lábẹ́ àgbàdo? Ilẹ̀ ni."

Diméjì tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Ó dúpẹ́. Ó lọ.

Ohun tó gbé e wá nìyí: ìjọba fẹ́ tún ọgbà náà kọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun, ilé oúnjẹ, ibi ìgbafẹ́ ọmọdé. Òfin sì ní kí wọ́n tó gbé ṣọ́bìrì, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò àyíká, kí wọ́n mọ ohun tí iṣẹ́ náà máa bà jẹ́ kó tó bà á jẹ́. Iléeṣẹ́ tí Diméjì ń bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé e fún. Ó yẹ kí wọ́n wá lẹ́ẹ̀mejì, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan, nígbà òjò, nígbà tí ewé wọṣọ. Ti ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n lọ dà á kọ láti inú ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ kan tí wọ́n ṣe fún ibòmíràn.

Nínú oṣù keje, wọ́n gbé ìwé àbọ̀ náà síta kí gbogbo ayé kà á fún ọjọ́ iṣẹ́ mọ́kànlélógún. Ọ̀kan wà lórí tábìlì ní ẹnu ọ̀nà ọgbà. Titus, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́, ló kọ́kọ́ ṣí i.

"Màmá Ewé! Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ wa. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ alángbá pàápàá. Alángbá oríṣi mẹ́fà! Èmi tí mo ti wà níbí láti ọdún mọ́kànlá, wọn ò kọ orúkọ mi."

"Ìwọ náà lọ gun ògiri, wọ́n á kọ ẹ́. Ka apá ìsàlẹ̀ fún mi."

Titus ṣí ìwé, ó ń túmọ̀ Òyìnbó rẹ̀ bó ṣe ń kà á. "Apá ìsàlẹ̀ etí odò. Oko àgbàdo ni, àwọn ará abúlé ló dá a láìgbàṣẹ. Kò sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kankan níbẹ̀. Kí wọ́n lé àwọn alágbàdo kúrò létí odò pátápátá. Kí wọ́n fi kọnkéré di etí odò. Ibẹ̀ ni kí wọ́n fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí…" Ó gbójú sókè wo Jemimah. "Mọ́tò igba."

Jemimah jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀ṣọ́.

"Èmi ò mọ nǹkan kan o," ni Titus wí jẹ́jẹ́. "Èmi kàn bá yín jẹ àgbàdo náà ni."

Nílé ní Jikwoyi lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ro ẹjọ́ náà fún Tiwátọ́pẹ́, tó ti di òṣìṣẹ́ báńkì báyìí. Ọmọ náà ò tiẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Mọ́mì! Oṣù mẹ́rin ló kù! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ gba ìwé yín, kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé. Ta ló rán yín?"

"Wọ́n fẹ́ da kọnkéré lé e lórí, Tiwá."

"Ewé tó ti kú tipẹ́."

"Èmi náà á kú. Ṣé wàá da kọnkéré lé èmi náà lórí?"

"Ṣebí símẹ́ǹtì la fi ń rẹ́ sàréè."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò bá wọn lọ títí. Ẹ̀rín náà já lójijì. Tiwátọ́pẹ́ di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Bí wọ́n bá ní ẹ ba dúkìá ìjọba jẹ́ ńkọ́? Bí wọ́n bá di owó ìfẹ̀yìntì yín mú ńkọ́?"

Ohun tí Jemimah kò lè sọ fún ọmọ rẹ̀ ni pé ti kúẹ́rì kọ́ ló ń bà á lẹ́rù jù. Gbòǹgbò ni. Koríko Dókítà, ìka kan ni gbòǹgbò rẹ̀. Gbòǹgbò àgbàdo ńkọ́? Àgbàdo tó jẹ ìgbẹ́ màlúù Dei-Dei fún ọdún márùn-ún? Bó bá sọ òótọ́, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀, kí ni wọ́n máa bá? Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí ìsàlẹ̀, ó ti ìka bọ ìdí àgbàdo kan. Ìka náà wọlé dé ìdajì, ó yára fà á yọ bí ẹni tí iná jó. Ojú rẹ̀ ò gbà á.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ọjọ́ mọ́kànlélógún náà pé, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan pé, "Ẹ wo abẹ́ àgbàdo dáadáa," ó sì sọ ọ́ sínú àpótí èrò aráàlú tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àbọ̀ náà. Kò kọ orúkọ sí i. Titus ló mú ìwé náà wá bá a lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àpótí.

"Wọ́n ní èyí tí kò bá lórúkọ àti àdírẹ́sì, àwọn ò gbà á. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ nù." Ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Màmá, ta ló tún ń kọ 'g' onírù gígùn bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà yìí?"

Àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé gbogbogbò tí wọ́n fẹ́ fi gbọ́ tẹnu aráàlú lórí ìwé àbọ̀ náà dé, nínú oṣù kẹjọ, ní gbọ̀ngàn iléèwé kan tí kò jìnnà. Òjò ń rọ̀ sórí páànù. Alága ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn láti yẹ ìwé náà wò, bàbá kan tó wọ awò ojú, jókòó síwájú. Alhaja Misturah, ọ̀gá ọgbà, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Diméjì dìde, ó fi àwòrán hàn lára ògiri: odò, igi dongoyaro, alángbá, lẹ́yìn náà oko àgbàdo. Ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìdùnnú ọmọ tó gba ipò kìn-ínní. Nígbà tó dórí pé kí wọ́n lé àwọn ará abúlé kúrò létí odò, bàbá arúgbó kan fò dìde ní ẹ̀yìn. Bulus ni, láti abúlé òdìkejì.

"Kai! Wannan gona ba tamu ba ce!" Oko yẹn kì í ṣe tiwa, ló ń wí. Àwọn tó gbọ́ Hausa ti ń rẹ́rìn-ín kó tó parí. "Oko tiwa wà lókè, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fi bíríkì kan lélẹ̀ ní Gwarinpa. Ẹ fẹ́ fi oko olóko lé wa! Ta ló ń kọ ebè dábùú báyẹn lọ́dọ̀ wa? Ebè Yorùbá nìyẹn! Ẹ bi àwọn Yorùbá!"

Gbọ̀ngàn náà dà rú fún ẹ̀rín. Diméjì ń wo àwòrán, ó ń wo Bulus, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Alága na ọwọ́ sókè. "Ó dáa. Bí kì í bá ṣe ti abúlé, ti ta ni?"

Ẹ̀rín dákẹ́. Jemimah wo Bulus, ẹni tí irọ́ òun fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, tó sì ń kí i láràárọ̀ láti òdìkejì odò pé sànnu. Kò mọ ìgbà tó dìde.

"Tèmi ni."

Alhaja Misturah yíjú sí i. "Jemimah, jókòó."

"Alhaja, mo ti jókòó lé e fún ọdún méje." Ó nawọ́ sí àwòrán oko náà lára ògiri. "Èmi ni mo gbìn ín. Àpò ò sí, koríko ò sí, mo fi àgbàdo wọ ewé láṣọ. Lẹ́yìn náà mo ń gbìn ín nítorí àgbàdo. Ibi tí ewé pọ̀ sí jù nínú gbogbo ọgbà nìyẹn. Ó wà nínú ìwé tí Dókítà Akínlabí fọwọ́ kọ, nínú yàrá ìkẹ́rù. Ẹ máà gbé mọ́tò lé e."

"Mà," ni Diméjì wí, bí ẹni pé àwọn méjì péré ló wà níbẹ̀. "Mo bi yín o. Mo bi yín, ẹ ní ilẹ̀ ni."

"Mo purọ́ fún ẹ, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló bà mí. Máà bínú." Ó yíjú sí ẹ̀yìn. "Bàbá Bulus, ẹ̀yin náà, ẹ dárí jì mí."

Bulus wò ó títí. "Yauwa," ló kàn sọ, bí ẹni tó ní ó dáa, ó sì jókòó.

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè yí ìwé àbọ̀ padà. Ohun tó wà nílẹ̀ ló lè yí i. Bí ewé bá wà níbẹ̀, kí wọ́n lọ wò ó. Bí kò bá sí, kọnkéré á máa bọ̀.

Ọjọ́ kejì, òjò dá. Gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀: alága, Alhaja, Diméjì, Bulus tó ní òun náà fẹ́ fojú òun rí i, àti Titus tó gbé ṣọ́bìrì. Àgbàdo ti yọmọ, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń pọ́n. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó jíjẹ. Jemimah di ọ̀bẹ tín-ínrín Dókítà mú. Ó ka ebè mẹ́rin láti ìdí dongoyaro, ó dúró.

"Ibí."

Titus gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó fẹ́ fa àgbàdo tu. "Má fà á!" ni Jemimah kígbe. "Bó o bá fà á, á fa ilẹ̀ wá. Gé e nídìí." Wọ́n gé e. Wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ kúrò. Àpò àtijọ́ ti jẹrà di òwú. Amọ̀ yọjú lábẹ́ rẹ̀, dúdú, tútù. Ohun tí Jemimah ti ń bẹ̀rù sì wà níbẹ̀: gbòǹgbò, funfun bí okùn ìránṣọ, ó ti wọ inú amọ̀ lọ láti gbogbo ihò.

Ó kúnlẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ la ojú ìwé àkọ́kọ́. Ewé wà níbẹ̀ nígbà kan. Gbòǹgbò ti gba àárín rẹ̀ kọjá, ó ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ bí bisikíìtì tí ọmọdé jókòó lé. Ó la ìkejì. Bákan náà. Ìkẹta, iṣan ewé kan ṣoṣo ló kù, gbòǹgbò sì lẹ̀ mọ́ ọn gbágbágbá bí ẹni pé òun ni iṣan náà. Jemimah mọ ewé yẹn. Ó mọ ọjọ́ tí Dókítà fún un ní nọ́ńbà.

Alága wúkọ́. "Màmá, ṣé ohun tẹ́ ẹ ní ká wá wò nìyí?"

Jemimah la ìkẹrin. Ó la ìkarùn-ún. Alhaja Misturah ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Jemimah ń là á lọ, omi ń já bọ́ láti imú rẹ̀ sórí amọ̀, kò nù ún. Ìkẹfà. Ìkeje. Gbòǹgbò ń dín kù, ó ń tín-ínrín. Nígbà tó dé ìwọ̀n ọwọ́ kan sísàlẹ̀, ọ̀bẹ wọlé wẹ́rẹ́, amọ̀ là sí méjì, ó dún kẹ́.

Odindi ni! Ewé kan, odindi, láti ìdí dé ṣóńṣó, dúdú bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jábọ́ láàárọ̀ yẹn, kòkòrò sì ti jẹ ẹ́ létí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ègé kejì náà gbé àwòrán rẹ̀. Diméjì ju fóònù sínú ẹrẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti Jemimah.

"Ha! Ha! Mà, ẹ wò ó! Eyín rẹ̀ nìyẹn? Ó jẹ ẹ́! Ó jẹ ẹ́ ní tòótọ́!"

"Kai," ni Bulus wí lẹ́yìn wọn, ó sì ṣí fìlà.

Jemimah náà wò ó. Ó yẹ kínú rẹ̀ dùn, ó sì dùn díẹ̀, fún ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń padà sórí òkìtì wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ìwé Dókítà, ewé mọ́kànlélógún ló wà ní òkè amọ̀ yẹn. Ó mọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣáájú ọ̀sán, alága ti sọ ìpinnu rẹ̀. Àyẹ̀wò náà kò tíì parí. Kí wọ́n padà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bí òfin ṣe wí, kí wọ́n kọ gbogbo ìsàlẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Títí dìgbà náà, kò sí kọnkéré, kò sí ibi ìgbọ́kọ̀sí níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan oko Bulus. Lẹ́yìn náà ńkọ́? "Lẹ́yìn náà, ẹ ó gbọ́," ló wí. Jemimah ti gbọ́ irú "ẹ ó gbọ́" yẹn rí nínú lẹ́tà àpò.

Kí wọ́n tó pa ọ́fíìsì dé, Alhaja Misturah na àpòòwé kan sí i. Ojú Alhaja ò dán. "Òfin ni, Jemimah. Mi ò lè má ṣe é."

"Mo mọ̀, Alhaja. Ẹ ṣe é mà."

Kúẹ́rì ni. Ìbéèrè méjì ló wà nínú rẹ̀: kí ló dé tí o fi dáko nínú ọgbà ìjọba, kí ló dé tí o fi ba dúkìá ìjọba jẹ́. Wákàtí méjìdínláàádọ́ta ló ní. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì Titus, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì lójú ẹsẹ̀. Tiwátọ́pẹ́ pè é lórí fóònù pé kó má tíì kọ nǹkan kan, pé òun ń wá lọ́yà. Jemimah ní òun ti gbọ́. Ó ń kọ lọ. Ìlà kan ṣoṣo ló wà lórí ìwé náà nígbà tó gbé bírò sílẹ̀: "Ohun tí mo fi bò ó ni mo fi bà á jẹ́, mo sì ti ń fura sí i kí ẹnikẹ́ni tó bi mí." Ó fi orúkọ sí i. Ó fi àdírẹ́sì sí i.

Àárọ̀ kejì, wọ́n bá a ní ìsàlẹ̀ odò tó ń gé àgbàdo. Gbogbo rẹ̀ ló ń gé, ebè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tìrùngbọ̀ntìrùngbọ̀n, tọmọtọmọ.

"Màmá Ewé, ọ̀sẹ̀ kan péré!" Titus fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ẹ jẹ́ kó gbó. Ká jẹ ti ìkẹyìn."

"Gbòǹgbò kì í dúró de ọ̀sẹ̀ kan. Wá gbá ìyókù mú."

Ojú ọ̀run ti ṣú láti apá Dei-Dei. Ibẹ̀ ni Diméjì ti ń bọ̀, bàtà òjò lẹ́sẹ̀, tapólì ńlá méjì lórí èjìká tó rà ní ọjà àwọn tó ń ta ohun ìkọ́lé, tí wọ́n máa fi wọ ewé láṣọ dípò àgbàdo. Ó jù wọ́n sílẹ̀, ó mí hẹlẹ. Ó wo pòròpórò tó sùn gbọọrọ nílẹ̀, ó nawọ́ sí ọ̀kan tí wọn ò tíì gé, ó fẹ́ fà á.

"Nídìí," ni Jemimah wí, ó sì gbé ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́. "Bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nídìí ni kó o ti gé e."

Diméjì bẹ̀rẹ̀. Jemimah di ìyókù pòròpórò mú ṣinṣin kó má bàa fa ilẹ̀. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ já lé e lẹ́yìn ọrùn.